Báwo lèèyàn ṣe ń dán antivirus wò láì fi fáírọ́ọ̀sì gidi ṣeré?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà méjìlá ló wà ní ọ́fíìsì wa. Windows ló wà lórí gbogbo wọn, àfi sáfà kan tó ń lo Linux, níbi tí a ń kó fáìlì wa sí. A ra antivirus, a fi sórí wọn, àmì aláwọ̀ ewé sì ń hàn lójoojúmọ́ pé gbogbo nǹkan dáa, ṣùgbọ́n kò tíì mú ohunkóhun rí. Ọ̀rẹ́ mi kan wá fi fáìlì sípù kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ojúlówó fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú rẹ̀, kí n tú u sórí kọ̀ǹpútà kan tí kò ṣe pàtàkì, kí n wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ṣé kí n ṣe é? Bí kò bá dáa, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé antivirus yìí ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má tú u o. Ẹ pa fáìlì sípù yẹn rẹ́ lónìí, ẹ pa íméèlì tó gbé e wá rẹ́ pẹ̀lú, kí ẹ sì da ohun tó wà nínú Recycle Bin nù. Ẹ bá ọ̀rẹ́ yín sọ̀rọ̀ kó má fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, torí pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ló máa fara gbá a.

Ìdí tí mo fi takú ni pé ìdánwò yẹn kò lérè níbi kankan. Bí antivirus yín bá mú fáìlì náà, ohun kan ṣoṣo lẹ mọ̀: ó dá fáìlì kan yẹn mọ̀, èyí tó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ nílẹ̀ débi pé kò sí ilé iṣẹ́ antivirus tí kò mọ̀ ọ́n. Bí kò bá mú un, ó lè jẹ́ pé ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà kì í pariwo. Kí ẹ tó dìde lórí àga, wọ́n ti lè kó èyí tí aṣàwákiri yín tọ́jú, kí wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí olówó wọn. Àwọn tó ń ti fáìlì pa kí wọ́n tó béèrè owó ìtúsílẹ̀ kì í sì í dúró sórí kọ̀ǹpútà kan. Fódà èyíkéyìí tí kọ̀ǹpútà yẹn láṣẹ láti kọ nǹkan sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n lè wọ̀, títí dé orí sáfà yín. Ní ọ́fíìsì tí gbogbo kọ̀ǹpútà ti so pọ̀ mọ́ra, kò sí èyí tí kò ṣe pàtàkì nínú wọn.

Fáìlì ìdánwò tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí

Ohun tí ẹ nílò ni fáìlì ìdánwò EICAR. European Institute for Computer Antivirus Research, tí EICAR jẹ́ ìgékúrú orúkọ rẹ̀, ló gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú CARO, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà, kí èèyàn lè rí ohun fi dán antivirus wò láì fọwọ́ kan fáírọ́ọ̀sì. Kò sí fáírọ́ọ̀sì nínú rẹ̀, kò sí àjákù rẹ̀ pàápàá. Àwọn tó ń ṣe antivirus ló fẹnu kò pé bí ọjà wọn bá ti rí i, kó ṣe é bó ṣe máa ń ṣe fáìlì aṣebi gidi: kó kìlọ̀, kó dí i lọ́nà, kó fi í sí àhámọ́, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Báìtì 68 péré ni. Lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì tó wà lórí kíbọọ̀dù ni gbogbo rẹ̀, nítorí náà èèyàn lè fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, ètò tó pé pérépéré ni fún DOS, ètò àtijọ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà ṣáájú Windows. Lórí ẹ̀rọ tó bá lè ṣiṣẹ́ DOS, yóò kọ "EICAR-STANDARD-ANTIVIRUS-TEST-FILE!" sójú ẹ̀rọ, yóò sì dúró. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é wù mí gan-an. Àṣẹ tó ń kọ̀wé sójú ẹ̀rọ ní DOS àti èyí tó ń parí ètò ní àwọn báìtì tí kò ṣeé tẹ̀ lórí kíbọọ̀dù. H+H* tó wà nípẹ̀kun ló ń dúró dè wọ́n, ètò náà fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ ọ́ di àṣẹ gidi nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Windows oní-64-bit kì í gba irú ètò bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní rárá. Ìyẹn kò ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tí à ń wò ni bóyá antivirus máa dá a mọ̀.

Mo pín in sí méjì níbí, kí ẹ lè tọ́jú ọ̀rọ̀ yìí sórí kọ̀ǹpútà yín láì jẹ́ pé antivirus gbé e lọ. Apá kìíní nìyí:

X5O!P%@AP[4\PZX54(P^)7CC)7}$

Apá kejì rèé:

EICAR-STANDARD-ANTIVIRUS-TEST-FILE!$H+H*

Ẹ so wọ́n pọ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo, kí àlàfo má wà láàárín wọn. Ohun kẹta níbẹ̀rẹ̀, èyí tó tẹ̀lé 5, lẹ́tà O ńlá ni, kì í ṣe òdo. Àṣìṣe yẹn nìkan ti tó láti mú kí gbogbo antivirus wò ó kọjá. Ibẹ̀rẹ̀ fáìlì gan-an ni ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àlàfo, tab, ìlà tuntun tàbí Ctrl-Z nìkan ló lè tẹ̀lé e, kí àpapọ̀ rẹ̀ má sì ju 128 lọ. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ìwé Word tí antivirus kò sì sọ nǹkan kan, antivirus yẹn kò jẹ̀bi.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ sọ fún ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà yín, àti ilé iṣẹ́ tó ń bá yín ṣọ́ ọ bí ẹ bá ní irú rẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́, àkókò àti orúkọ kọ̀ǹpútà tí ẹ máa lò. Ìkìlọ̀ tó máa jáde kò yàtọ̀ sí ti gidi, kò sì dáa kí ẹnì kan máa sáré yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì nítorí ìdánwò tí ẹ fúnra yín ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí Windows Security, ẹ wọ "Virus & threat protection", kí ẹ wo orúkọ antivirus tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ra antivirus míì, Defender ti Windows sábà máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí tó ń ṣọ́ ilé ní tòótọ́, torí pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé àkókò tí èèyàn sanwó fún ti parí, tí Defender sì ti gba iṣẹ́ padà láì sí ẹni tó fura.

Ìdánwò àkọ́kọ́: ìdáàbòbò ojú-ẹsẹ̀

Ẹ ṣí Notepad, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, kí ẹ yan "Save as". Níbi "Save as type", ẹ yan "All files". Níbi "Encoding", ẹ yan ANSI tàbí UTF-8, kó má ṣe jẹ́ "UTF-8 with BOM" tàbí UTF-16. Ẹ pè é ní eicar.com, ẹ gbé e sínú Documents, kí ẹ sì dúró.

Bí ìdáàbòbò ojú-ẹsẹ̀ bá wà lójúfò, fáìlì náà á pòórá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, tàbí kí Windows sọ pé òun kò lè ṣí i nítorí pé fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀. Àṣìṣe 225 ni nọ́ńbà ìyẹn nínú Windows. Àwọn antivirus kan wà tí kì í wo fáìlì nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, tó jẹ́ ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ kà á tàbí ṣí i ni wọ́n ń wò ó. Nítorí náà bí fáìlì náà bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má tíì sọ pé ó ti kùnà. Ẹ dà á kọ sínú fódà míì, torí dídà á kọ gba kíkà. Bí ìyẹn náà bá kọjá wẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ràn PowerShell, ibi tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, tàbí tó ní kọ̀ǹpútà púpọ̀ láti dán wò, lè lo èyí:

$a = 'X5O!P%@AP[4\PZX54(P^)7CC)7}$'
$b = 'EICAR-STANDARD-ANTIVIRUS-TEST-FILE!$H+H*'
Set-Content -Path "$env:TEMP\eicar.com" -Value ($a + $b) -Encoding Ascii -NoNewline

Àmì àyọlò ẹyọ kan ni kí ẹ lò yí ọ̀rọ̀ náà ká, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà yìí. Bí ẹ bá lo oníméjì, PowerShell á rò pé orúkọ ni $H, kò ní rí nǹkan kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò sì yọ ọ́ kúrò láì sọ fún yín.

Bí antivirus bá dákẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n fáìlì

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dá antivirus lẹ́bi fún ohun tí kò ṣe. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, ẹ yan "Properties", kí ẹ wo "Size", kì í ṣe "Size on disk". Báìtì 68 ló dáa jù. 69 tàbí 70 náà dáa, ìlà tuntun ló tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ 71, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé BOM ló wà níwájú rẹ̀, ìyẹn báìtì mẹ́ta tí àwọn ètò kan máa ń fi síbẹ̀rẹ̀ fáìlì UTF-8 tí ojú kì í rí. Ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀rẹ̀ mọ́, antivirus sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fojú fò ó. Bó bá jẹ́ 138 tàbí 142, UTF-16 ni wọ́n fi kọ ọ́, báìtì méjì fún àmì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó máa ń fa èyí ni pé èèyàn lo àmì > nínú PowerShell tó bá Windows wá, èyí tí UTF-16 jẹ́ àṣà rẹ̀. Bó bá kéré sí 68, ibi tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ ti gbé nǹkan mì. Ẹ wo àmì $, % àti ^ dáadáa. Bó bá sì jẹ́ òdo, antivirus ti wá, ó ti lọ: ó kó inú rẹ̀, ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Orúkọ fáìlì náà tún lè tan yín. Windows máa ń fi ìparí orúkọ pamọ́, kí ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ eicar.com wá jẹ́ eicar.com.txt. Ọ̀pọ̀ antivirus á mú un bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣètò pé irú fáìlì kan pàtó ni kó máa wò lè fo .txt.

Bí ìwọ̀n bá tọ́ tí orúkọ sì tọ́, ẹ wá wo antivirus fúnra rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń fura sí ni àwọn fódà tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹni tó fi sọ́fíwíà ìṣirò owó tàbí ti ìtọ́jú dátà sórí kọ̀ǹpútà sábà máa ń sọ pé kí antivirus má wo fódà kan, kí iṣẹ́ lè yá, nígbà míì ó sì lè jẹ́ gbogbo díráífù C ló yọ sílẹ̀. Lórí Defender, ẹ ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ tẹ:

Get-MpPreference | Select-Object ExclusionPath, ExclusionExtension, ExclusionProcess

Lẹ́yìn ìyẹn, Get-MpComputerStatus á sọ fún yín bóyá RealTimeProtectionEnabled jẹ́ True, àti ọjọ́ tí àmì ìdánimọ̀, èyí tí antivirus fi ń dá fáírọ́ọ̀sì mọ̀, wọlé kẹ́yìn níbi AntivirusSignatureLastUpdated. Bí ọjọ́ yẹn bá ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, nǹkan kan ń dí ọ̀nà. Antivirus tí ẹ rà á ní ojú ewé tirẹ̀ fún ohun kan náà. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Exclusions" tàbí "Exceptions" sí, kí ẹ ka gbogbo ìlà rẹ̀.

Ohun míì tó ń fa ìdákẹ́jẹ́ ni antivirus méjì lórí kọ̀ǹpútà kan, tí ọ̀kan gbá fáìlì mú kí èkejì tó débẹ̀. Ẹni tó ń wo èkejì nìkan á sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò. Kò sí èrè nínú lílo méjì papọ̀, wọ́n kàn ń fa ara wọn lẹ́sẹ̀ ni.

Àwọn ẹnu ọ̀nà yòókù

Fáìlì kì í gba ojú kan ṣoṣo wọlé, nítorí náà ìdánwò Notepad nìkan kò tó. Ẹ lọ sí ìkànnì eicar.org, kí ẹ gba àwọn fáìlì tí wọ́n gbé síbẹ̀. Eicar.com wà níbẹ̀, eicar.com.txt wà níbẹ̀. Eicar_com.zip jẹ́ fáìlì kan náà nínú sípù, eicarcom2.zip sì jẹ́ sípù tó wà nínú sípù míì. Bí ẹ bá ń gbà á, ẹ ka orúkọ tó wà lórí ìkìlọ̀ tó bá jáde. Aṣàwákiri fúnra rẹ̀ lè dá a dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ antivirus, torí pé Chrome ní Safe Browsing, Edge sì ní SmartScreen. Ìyẹn dáa fún yín, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí ẹ fowó rà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ti antivirus nìkan, ẹ lo aṣàwákiri míì tàbí àṣẹ curl dípò kí ẹ pa ìdáàbòbò aṣàwákiri. Èyí tí wọ́n bá pa fún ìdánwò, wọ́n máa ń gbàgbé láti tan án padà.

Sípù yẹn wúlò fún ohun míì. Ó ṣòro láti dán àyẹ̀wò àfọwọ́ṣe wò pẹ̀lú eicar.com lásán, torí pé ìdáàbòbò ojú-ẹsẹ̀ á ti gbé e lọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ antivirus kì í tú sípù wò nígbà tó bá ń wọlé, kó má baà fa ọwọ́ kọ̀ǹpútà sẹ́yìn. Ìgbà tí èèyàn bá ní kó yẹ fódà wò ni wọ́n ń tú u. Ẹ fi eicarcom2.zip sílẹ̀ nínú fódà kan, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ní kí antivirus yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá rí i nínú sípù kejì, ó ń walẹ̀ dé ibi tó yẹ. Bí kò bá rí i, ẹ wo ètò rẹ̀, bóyá wọ́n pa àyẹ̀wò inú sípù. Bí sípù bá ní ọ̀rọ̀ aṣínà, antivirus tí kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà kò lè rí inú rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹ retí i. Ìgbà tí ẹ bá tú u tí fáìlì jáde sórí díráífù ló gbọ́dọ̀ mú un, ìdánwò yẹn sì ṣe pàtàkì gidigidi, torí pé ọ̀nà tí àwọn oníjìbìtì ń gbà kó fáìlì wọ inú íméèlì nìyẹn: sípù tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà sínú lẹ́tà.

Ní ti íméèlì, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó íméèlì yín kí ẹ tó fi fáìlì ìdánwò ránṣẹ́, ẹ má sì fi àdírẹ́sì tí ẹ fi ń ṣòwò rán an. Àwọn tó ń pèsè íméèlì lè kọ̀ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì lè dá àdírẹ́sì tó rán an dúró. Bó bá dà bíi pé lẹ́tà náà kò dé rárá, ẹ wo inú àhámọ́ ti sáfà íméèlì kí ẹ tó sọ pé ó sọnù.

Sáfà Linux yín gba àkíyèsí ọ̀tọ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń kó fáìlì sí. Mo fẹ́ kí ẹ dán an wò lójú méjèèjì. Ẹ kọ́kọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Windows kan, kí ẹ fi eicar.com pamọ́ sínú fódà àjọlò lórí sáfà; antivirus Windows gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe fáìlì náà láti orí sáfà fúnra rẹ̀, nínú fódà àjọlò kan náà:

printf '%s%s' 'X5O!P%@AP[4\PZX54(P^)7CC)7}$' 'EICAR-STANDARD-ANTIVIRUS-TEST-FILE!$H+H*' > eicar.com
wc -c eicar.com

Wc gbọ́dọ̀ dá 68 padà. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ, sha256sum rẹ̀ ni 275a021bbfb6489e54d471899f7db9d1663fc695ec2fe2a2c4538aabf651fd0f. Ẹ wá gbìyànjú láti ṣí i láti orí Windows, kí ẹ wo bóyá antivirus ibẹ̀ ń wo fáìlì tó ń bọ̀ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torí pé àwọn kan wà tí wọ́n ṣètò láti má wò ó.

Bó bá jẹ́ ClamAV ló wà lórí sáfà, ẹ tẹ clamscan eicar.com, kí ẹ tẹ echo $? tẹ̀lé e. Bó bá dá 1 padà, ó rí i. Òdo túmọ̀ sí pé kò rí nǹkan kan. 2 túmọ̀ sí pé àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ níṣòro. Clamscan --version á fi ọjọ́ tí àkójọ àmì ìdánimọ̀ wọlé hàn yín. Freshclam ló ń mú tuntun wá. Àmọ́ ẹ má ṣe rò pé ClamAV ń ṣọ́ fódà yín nítorí pé ẹ fi í síbẹ̀. Clamscan kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ẹnì kan bá pè é. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa wo fáìlì bó ṣe ń wọlé, clamd àti clamonacc gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, kí OnAccessIncludePath inú clamd.conf dárúkọ fódà náà. Bí OnAccessPrevention kò bá sì jẹ́ yes, yóò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí i, kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣí i. Ọ̀pọ̀ sáfà ló wà ní ipò yẹn tí olówó wọn kò mọ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí fáìlì EICAR kò lè dán wò: ètò aṣebi tó ń ṣiṣẹ́ nínú PowerShell láì kọ fáìlì kankan sílẹ̀. AMSI ni Windows ń lò láti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ han antivirus kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ ìlà yìí sínú PowerShell, pẹ̀lú àmì àyọlò rẹ̀, kí ẹ tẹ Enter:

'AMSI Test Sample: 7e72c3ce-861b-4339-8740-0ac1484c1386'

Bí Defender bá wà lẹ́nu iṣẹ́, PowerShell á fi àṣìṣe pupa dáhùn pé ohun aṣebi wà nínú rẹ̀, antivirus sì ti dí i. Bó bá kàn tún ọ̀rọ̀ náà kọ sójú ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó dí i. Ti Microsoft ni àpẹẹrẹ yìí, nítorí náà bí ti ilé iṣẹ́ míì bá dákẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó bínú.

Àjọ AMTSO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008 láti fi ìlànà lélẹ̀ fún ìdánwò antivirus, ní ojú ewé kan tí wọ́n ń pè ní Security Features Check. Ẹ ó rí àpẹẹrẹ tí kò léwu níbẹ̀ fún ojú ewé oníjìbìtì, sọ́fíwíà tí èèyàn kò fẹ́, fáìlì inú sípù, àti bóyá antivirus ń bá sáfà ilé iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe èyí tó kẹ́yìn yẹn dájúdájú, torí pé ogiri ààbò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì lè dí ọ̀nà yẹn pa láì sí ẹni tó mọ̀.

Ohun tí ìdánwò yìí kò lè sọ fún yín

Kéèyàn fi EICAR dán antivirus wò dà bíi kéèyàn kan géètì lóru láti mọ̀ bóyá ọdẹ jí. Bó bá dáhùn, ó jí. Bóyá ó lè kojú olè, ìyẹn ọ̀tọ̀. Antivirus tó dára jù lọ àti èyí tí kò dáa rárá ni wọ́n jọ ń mú EICAR. Kò dán bí wọ́n ṣe ń dá fáírọ́ọ̀sì tuntun mọ̀ wò, kò sì dán bí wọ́n ṣe ń wo ìwà ètò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti fáìlì pa lójijì wò.

Fún ìyẹn, ẹ gbára lé àwọn tó ní yàrá ìdánwò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ pátápátá: AV-TEST ní Magdeburg ní Jámánì, AV-Comparatives ní Innsbruck ní Ọ́síríà, SE Labs ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń fi fáìlì aṣebi gidi dán ọjà wò, wọ́n sì ń gbé àbájáde rẹ̀ jáde fún gbogbo èèyàn. Ẹ má wo èsì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo; ẹ wo bí ọjà náà ṣe ṣe sí léraléra, kí ẹ sì ka iye ìgbà tó fi ẹ̀sùn èké kan fáìlì tí kò ṣẹ̀. Èyí tó bá ń pariwo lásán lójoojúmọ́ á kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín láti máa tẹ "Allow" láì kà á.

VirusTotal, ìkànnì tó ń fi ọ̀pọ̀ antivirus yẹ fáìlì wò lẹ́ẹ̀kan náà, kò lè rọ́pò èyíkéyìí nínú èyí. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2004, Google sì rà á ní 2012. Ó dára láti fi béèrè nípa fáìlì tí ẹ ń fura sí. Ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n fi ń lo antivirus kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti orí kọ̀ǹpútà yín, nítorí náà kò lè sọ bóyá tiyín ń ṣiṣẹ́. Ẹ má sì gbé ìwé àdéhùn tàbí ìwé owó oníbàárà síbẹ̀: ohun tí ẹ bá gbé síbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ààbò tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lè gbà á.

Ẹ wo àkọsílẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀

Àpótí ìkìlọ̀ tó jáde lójú kọ̀ǹpútà jẹ́ ìdajì iṣẹ́. Ní ọ́fíìsì oníkọ̀ǹpútà méjìlá, ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ lè pa àpótí náà dé kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Bí antivirus yín bá ní ojú ewé àbójútó, ẹ ṣí i lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo bóyá ìròyìn náà dé, bóyá orúkọ kọ̀ǹpútà, orúkọ ẹni tó wà lórí rẹ̀ àti àkókò tọ́, àti bóyá íméèlì ìkìlọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àdírẹ́sì òṣìṣẹ́ tó ti lọ tipẹ́ wà lára ohun tí ìdánwò yìí máa ń tú síta.

Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Defender, ẹ ṣí Event Viewer, kí ẹ lọ sí Applications and Services Logs, Microsoft, Windows, Windows Defender, Operational. Nọ́ńbà 1116 ni pé ó rí nǹkan, 1117 ni pé ó gbé ìgbésẹ̀ lórí rẹ̀. Bí 1116 bá wà tí 1117 kò tẹ̀lé e, ó rí i ṣùgbọ́n kò tíì ṣe nǹkan kan sí i. Ní ojú ewé kan náà, ẹ wá 5001, tó túmọ̀ sí pé wọ́n pa ìdáàbòbò ojú-ẹsẹ̀, àti 5007, tó túmọ̀ sí pé wọ́n yí ètò rẹ̀ padà. Bí ẹ bá rí 5001 ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rántí pé òun pa á, ẹ wádìí rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Bí ẹ bá parí, ẹ pa àwọn fáìlì ìdánwò tó wà nínú àhámọ́ rẹ́, ẹ pa àwọn sípù rẹ́, kí ẹ sì yọ fódà èyíkéyìí tí ẹ bá yọ sílẹ̀ fún ìdánwò kúrò nínú Exclusions. Bí ọ́fíìsì yín bá ní ètò tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì lálaalẹ́, ẹ wo inú rẹ̀ pẹ̀lú; eicar.com tó bá wọ ibẹ̀ lè máa fa ìkìlọ̀ tuntun nígbàkígbà tí wọ́n bá yẹ ẹ̀dà náà wò. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ kọ̀ǹpútà, ẹnu ọ̀nà tí ẹ dán wò àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé kan. Ẹ tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, àti ní ọjọ́ tí ẹ bá pààrọ̀ antivirus, tí ẹ bá fi sọ́fíwíà tuntun tó béèrè pé kí ẹ yọ fódà sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, tàbí tí ẹ bá so kọ̀ǹpútà tuntun mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín.